Ìràwọ̀ Tó Fẹ́ Lé Ọ̀gá Aago Lẹ́nu Iṣẹ́

Ìràwọ̀ ló fẹ́ lé Ọ̀gá Aago lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín, bó ṣe rí gan-an nìyẹn.

Bàbá rẹ̀ tó kọ́ ọ ní iṣẹ́ àtúnṣe aago ló fi òfin kan lélẹ̀ fún un: "Nírọ̀lẹ́, máa wo Àgùàlà, ìràwọ̀ tó ń kọ́kọ́ yọ. Bó bá dúró gírí, ojú rẹ ṣì dá. Ọjọ́ tó bá ń gbọ̀n, kó irinṣẹ́ sílẹ̀ kó o tó ba aago olóhun jẹ́." Bàbá náà kò fi ẹnu lásán sọ ọ́. Lọ́jọ́ tó rí i tó ń gbọ̀n, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó gbé àga sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó sì fi ọdún méjìlá ka èèrà tó ń gun ògiri òdìkejì títì, títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Ọ̀gá Aago náà kò jẹ́ kí òfin yìí bọ́ rí. Lálaalẹ́ ni yóò ti ṣọ́ọ̀bù, tí yóò di ojú kan, tí yóò fi èkejì wo ọ̀run, tí ìyàwó rẹ̀ yóò máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Àfi lọ́jọ́ kan tí Àgùàlà rẹlẹ̀ sórí páìpù èéfín ilé búrẹ́dì ọ̀ọ́kán, tó ń gbọ̀n jìnnìjìnnì, tó ń pọ́n, tó tún ń di àwọ̀ ewé.  Ọkùnrin náà kò lè jẹun. Iṣẹ́ yìí nìkan ló mọ̀ láyé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ránṣẹ́ sí àbúrò ìyàwó rẹ̀ pé kó wá kó irinṣẹ́. Ẹni tó ń fi òòlù tún rédíò ṣe ni o!

Nírọ̀lẹ́, bí onítọ̀hún ti ń kó ẹ̀mú sínú àpò ni àkọ́bí Ọ̀gá Aago wọlé. Obìnrin yìí ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì, Tíṣà ni gbogbo ilé ń pè é. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó yọjú síta.

"Bàbá, èmi náà rí i tó ń gbọ̀n."

"Yéè! Ó ti ran ọmọ mi!"

"Ó ń gbọ̀n lójú tèmi náà," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Ilé afọ́jú rèé o!"

Tíṣà rẹ́rìn-ín títí. "Afẹ́fẹ́ ni, Bàbá. Afẹ́fẹ́ gbígbóná àti tútù ló ń tẹ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bó bá wà lókè, afẹ́fẹ́ tó ń là kọjá kò pọ̀. Bó bá rẹlẹ̀, ó pọ̀ gan-an, ooru ilé búrẹ́dì tún wá kún un. Kódà, kò sí níbi tí ẹ ti ń rí i yẹn, afẹ́fẹ́ ló gbé e sókè díẹ̀ lójú yín."

"Ohun tí kò sí níbi tó wà ló fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi?"

Ó gba ẹ̀mú lọ́wọ́ àna rẹ̀, ó mú sikúrù aago kan tí kò tó orí èèrà, ó sì fi í sí ihò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìdùnnú mú un pàtẹ́wọ́.

 Lójijì, ó wo àga bàbá rẹ̀ tó ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìgbà wo ni wọ́n kọ́ ilé búrẹ́dì yẹn?"

"Ọdún tí bàbá yín fi iṣẹ́ sílẹ̀ mà ni," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn.

Ọ̀gá Aago rọra jókòó sórí àga náà.

"Èèrà," ló wí. "Láti ibí yìí ni bàbá mi ti ń ka èèrà ara ògiri ọ̀hún."