Tìmùtìmù Mẹ́wàá

Mo gbóòórùn tùràrí nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù lánàá, ni mo bá rántí Àǹtí tí ilé wọn kángun sí tiwa nígbà tí mo wà ní kékeré. Àlùfáà ẹlẹ́sìn Búdà ni wọ́n, wọ́n fá orí wọn kodoro, pálọ̀ wọn sì ni ilé àdúrà wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Mọ́mì lọ sí ṣíìfù níbi iṣẹ́, wọ́n ní kí n dúró lọ́dọ̀ Àǹtí. Mo bá tìmùtìmù mẹ́wàá nílẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí Àǹtí. Ni àwọn náà bá kúnlẹ̀, wọ́n forí kanlẹ̀ níwájú mi. Ọlọ́run nìkan là ń forí kanlẹ̀ fún nílé wa. Mo yáa dojú bolẹ̀ gbalaja, kí n lè rẹlẹ̀ jù wọ́n lọ.

Wọ́n lu agogo, wọ́n wo ilẹ̀kùn. Wọ́n ní, "Jẹ́ ká dúró díẹ̀ sí i."

Mo jókòó sórí tìmùtìmù kan, a dúró títí tùràrí fi jó tán. Wọ́n wá gbàdúrà, mo ń ṣe àmín.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé èmi nìkan ni ìjọ wọn lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn àdúrà náà, wọ́n kó tìmùtìmù mẹ́sàn-án padà sí kọ̀rọ̀. Wọ́n fi tèmi sílẹ̀ níbẹ̀.