Irin Mẹ́ta Lẹ́yìn Ilé Ìdáná

Ó pé oṣù mẹ́ta tí a sin ọkọ mi ni àwọn ewúrẹ́ wa gba abẹ́ waya iná tí a fi ṣe ọgbà yí wọn ká kọjá, wọ́n sì jẹ ẹ̀gẹ́ aládùúgbò lóko wa lọ́nà Orílẹ̀-Òwu. Àbúrò ọkọ mi wá láti Apòmù. Kò tíì jókòó tó fi bẹ̀rẹ̀.

“Ìyàwó wa, waya yìí ti kú. Ní Sátidé mo máa mú ẹni tó máa ra àwọn ewúrẹ́ yìí wá. Ẹ wá máa bá wa gbé nílé.”

“Ọkọ mi, ẹ̀gbọ́n yín ló kú. Waya ò kú.”

Ó ní tí waya bá lè lé ewúrẹ́ kan ṣoṣo padà lójú òun ní Sátidé, òun á fi gbogbo wọn sílẹ̀ fún mi.

Àpótí tó ń ti iná sára waya ṣì ń dún, kà, kà, kà. Iná ń jáde nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ gba inú ilẹ̀ padà wá sínú àpótí kó tó lè ta ẹran. Irin mẹ́ta tí ọkọ mi rì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná ni ọ̀nà ìpadà náà. Lọ́dọọdún tí ọyẹ́ bá dé, á fi ọ̀pá irin ti waya lọ́ọ̀ọ́kán kí iná máa dà sílẹ̀ níbẹ̀, á wá kan irin ilẹ̀. Tó bá dákẹ́, ó dára. Tó bá ta á, ilẹ̀ ò gba iná mọ́ nìyẹn. Èmi tí mi ò ka ìwé kọjá mẹ́fà ló kọ́.

“Ẹ̀yìn ọwọ́ ni kí o fi kàn án o, ìyá ọmọ mi,” ni ó máa ń wí. “Àtẹ́lẹwọ́ á dì í mú.”

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi wo irin náà, mi ò lè fọwọ́ kàn án. Òun nìkan ló máa ń kàn án.

Sátidé pé, àbúrò ọkọ mi mú oníbàárà rẹ̀ dé. Mo fi ọ̀pá ti waya lójú wọn, mo lóṣòó, mo kan irin. Ó ta mí dé ìgúnpá.

“Yéè! Màmá, ẹ má kú síbí o!” Oníbàárà ló pariwo.

“Mi ò tíì ṣetán.”

Mo pa àpótí, mo fa irin. Ó bọ́ sí mi lọ́wọ́ bí ìgbà tí èèyàn fa àlùbọ́sà. Irin tó jẹ́ pé orí rẹ̀ nìkan ló ń yọ tẹ́lẹ̀ ti ga dé orúnkún kí n tó fà á. Mo sì ti ń sá aṣọ ìdáná lé e láti oṣù mẹ́ta! Ìgbà yẹn ni mo rántí. Lọ́jọ́ ìsìnkú, wọ́n fa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tu láti fi so okùn kánópì. Lọ́jọ́ kejì wọ́n kàn fi ẹsẹ̀ tẹ̀ wọ́n padà. Orúkọ gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ wà lórí mi, mi ò kàn ní kọ wọ́n síbí. Mo sì mọ ẹni tó pàṣẹ.

“Ọkọ mi, ta ló ní kí wọ́n fa irin yìí?”

“Òjò ló ń ṣú lọ́jọ́ náà, ìyàwó wa…”

“Ẹ bọ́ agbádá yín. Òòlù wà lẹ́nu ọ̀nà.”

Ó gbá wọn wọlẹ̀, èmi ń da omi ìfọṣọ sídìí wọn, torí ilẹ̀ gbígbẹ kì í gba iná. Mo tan àpótí, mo tún kan irin. Ó dákẹ́. Mi ò tètè mú ọwọ́ kúrò.

A gbé ọ̀pá kúrò lára waya, a da ẹran síta. Òbúkọ tó ṣáájú fi imú kan waya, ó ké, ó sá padà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé oníbàárà ṣubú.

“Alàgbà,” oníbàárà ń rẹ́rìn-ín, “ó jọ pé wọn ò tà o.”

“Wọn ò tà,” ni mo dá a lóhùn.

Mo gbọn eruku ara agbádá àbúrò ọkọ mi, mo nà án sí i.

“Ọjọ́ tí ẹ bá ń sin èmi, igi ni kí ẹ so kánópì mọ́.”