Àwọn Lẹ́tà Tí Mo Tì Pa ní Jakpa Road

Mo rántí ìgbà tí gbogbo Warri gbà pé ìjọba ń ka ímeèlì wa. Àsìkò náà ni àwọn ọ̀dọ́ tó gbébọn wà lórí omi, tí wọ́n ń jí òṣìṣẹ́ epo gbé, tí ṣọ́jà kún gbogbo oríta, tí kónílé-ó-gbélé sì lè dé bá èèyàn lẹ́nu ọbẹ̀. Wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ náà máa ń fi ímeèlì ránṣẹ́ sí àwọn oníwèé ìròyìn, pé inú káfè ìgboro ni wọ́n ti ń kọ ọ́, ìjọba sì ti ń wá wọn káàkiri. Bí a bá wà nídìí ẹ̀rọ omi, ọ̀rọ̀ náà ni. Bí a bá jáde ní mọ́ṣáláṣí, ọ̀rọ̀ náà ni. Àwọn tí kò tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí ló mọ̀ ọ́n sọ jù.

Kò yẹ kó kàn mí. Baba mi, ọmọ Ọ̀yọ́, ń ta àwo tánganran àti ìkòkò ní ọjà ńlá Warri, Edjeba là ń gbé, èmi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde iléèwé gíga, mò ń bá wọn jókòó ní ìsọ̀. Ìjọba wo ló fẹ́ mọ bí mo ṣe jí? Ṣùgbọ́n mo ní àṣírí kan, ọmọge tó bá sì ní àṣírí máa ń rò pé gbogbo ayé ló ń yọjú wo òun. Mo ní àfẹ́sọ́nà. Ọmọ Ìlàjẹ ni, onígbàgbọ́ ni, ìyá rẹ̀ ń ta ẹja gbígbẹ létí omi, òun sì ti lọ kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà nílùú òkèèrè. Baba mi ò mọ̀ pé ó wà láyé. Ẹni tí wọ́n mọ̀ ni ọmọ ọ̀rẹ́ wọn kan tó ń ta aṣọ ní Ọ̀yọ́, tí wọ́n ti ń múra láti fi mí fún. Ohun tó ń já mi láyà nìyẹn: kí baba mi má lọ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ Ìlàjẹ yìí lẹ́nu ẹlòmíràn kó tó padà dé, kí wọ́n sì sọ pé ó parí.

Àfẹ́sọ́nà mi ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ti lẹ́tà pa. Ó ní ẹnikẹ́ni tí ímeèlì bá gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá lè kà á, ìjọba ìbáà ṣe, ẹni tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì ìbáà ṣe. Ó wá fi ètò kọ̀ǹpútà kan ránṣẹ́ sí mi nínú fíláàṣì, ẹnì kan tó ń bọ̀ wálé ló bá a mú un wá. Tí mo bá kọ lẹ́tà tán, ètò náà á sọ ọ́ di jágbajàgba àmì tí kò sẹ́ni tó lè kà á àfi òun tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo so fíláàṣì náà mọ́ etí ìborùn mi, bí ìyá mi ṣe ń so obì mọ́ tirẹ̀, mo sì ń rìn lọ sí káfè kan ní Jakpa Road bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ìlú wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun kan ló kìlọ̀ fún mi: kí n fi àyè àkọlé, ìlà tó wà lókè ímeèlì, sílẹ̀ lófìfo. Mo gbójú fò ó. Ilé wo ni wọ́n ti tọ́ mi tí n óò wọlé tọ ènìyàn láì kí i? Lójú tèmi, àyè àkọlé ni ẹnu ọ̀nà lẹ́tà, ibẹ̀ ló sì yẹ ká ti kí èèyàn. Bí a bá sì kí i tán, a ó béèrè ara ilé. Bí a bá béèrè ara ilé, a ó sọ díẹ̀ nípa bí nǹkan ṣe rí lọ́dọ̀ tiwa. Gbogbo rẹ̀ ni mò ń tẹ̀ sí àyè tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn. Lẹ́yìn náà ni n óò wá fara balẹ̀ ti inú lẹ́tà pa gbọningbọnin, inú mi á sì máa dùn pé ìjọba ò rí mi mú.

Lọ́jọ́ kan, ẹni tó ni káfè, ará Urhobo kan tó máa ń ṣàwàdà, kọjá lẹ́yìn mi, ó rí jágbajàgba yẹn lójú kọ̀ǹpútà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. “My sister, which kain grammar be dis?” Mo ní iṣẹ́ iléèwé ni. Ó wò mí, ó mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Àwọn agbófinró ti lọ káàkiri gbogbo káfè, wọ́n ní ẹni tó bá kọ ohun tí kò ṣeé kà, kí wọ́n fi tó àwọn létí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn á ti káfè náà pa. Ló bá lọ fi ọ̀rọ̀ mi tó wọn létí; ọkùnrin náà ní ìyàwó àti ọmọ, mi ò lè bá a wí. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé nínú gbogbo àwa tí à ń kọ lẹ́tà ìfẹ́ ní Jakpa Road, èmi tí mo ti tèmi pa nìkan ni ìjọba wá wò.

Ọ̀sán gangan ni agbófinró kan dé, kò wọ aṣọ iṣẹ́, ó sanra, ó gbé awò ojú kọ́ imú. Oníkáfè ti káàánú mi, ó ti ránṣẹ́ pe baba mi lọ́jà. Ọkùnrin náà ní, “Oya, open your mail make I see.” Mo ṣí i pẹ̀lú ìgboyà, torí mo fọkàn tán àgádágodo mi. Àwọn àkọlé mi tò sílẹ̀ ní gbangba lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, torí ètò náà kì í ti àkọlé pa. Ó sún mọ́ ọn, ojú rẹ̀ yí padà, mo sì gbọ́ Yorùbá Ìjẹ̀bú lẹ́nu rẹ̀.

“‘Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, olówó orí mi,’” ló kà. “‘Ẹ bá mi kí ìyá wa ẹlẹ́ja. Bàbá mi ò tíì gbọ́ o.’ ‘Ẹni Ọ̀yọ́ yẹn tún wá lánàá, mo ní inú ń run mí.’”

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Ìgbà tí mo yíjú sẹ́nu ọ̀nà, baba mi ló dúró síbẹ̀, fìlà wọn wà lọ́wọ́. Wọ́n ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Agbófinró náà dìde, ó kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní, “Bàbá, ìbọn ni mo wá wá. Ọkọ ọmọ yín ni mo bá.” Àwọn tó gbọ́ Yorùbá nínú káfè rẹ́rìn-ín, àwọn tí kò gbọ́ ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn, oníkáfè sì ń mi orí pé, “So na love?” Àfi baba mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà wá ní iṣẹ́ ṣì ni iṣẹ́, pé ọ̀gá òun ò ní gba àkọlé nìkan gbọ́, kí n ṣí inú ẹyọ kan péré. Mo di fíláàṣì mú. Inú àwọn lẹ́tà yẹn ni a ti ń sọ orúkọ àwọn ọmọ tí a ó bí, inú wọn ni mo ti ń ṣàròyé baba mi. Mo wo baba mi, ó dá mi lójú pé wọn yóò ní kí n ṣí gbogbo rẹ̀.

Baba mi jókòó sórí àga, wọ́n ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, èyí tí ẹ kà yẹn ti tó. Ọmọ tó tilẹ̀kùn kó tó bọ́ṣọ kì í ṣe olè.”

Ọkùnrin náà ní ọ̀gá òun á béèrè.

“Ẹ sọ fún wọn pé baba rẹ̀ wà níbẹ̀, òun náà ò kà á.”

Agbófinró náà yọ awò ojú rẹ̀. Ó kìlọ̀ fún mi kí n má ti lẹ́tà pa mọ́ títí ìlú yóò fi rójú, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ayọ̀ tó bá mi lọ́jọ́ náà pọ̀ débi pé ẹkún ni mo fi sun.

Èmi àti baba mi padà sí Edjeba. Níbẹ̀ ni wọ́n ti béèrè ọmọ ta ni àfẹ́sọ́nà mi. Mo sọ fún wọn. Wọ́n ronú, wọ́n ní àwọn mọ ìyá yẹn, pé ẹja rẹ̀ kì í ní iyanrìn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, “Ojú lọ̀rọ̀ wà. Sọ fún un kó wá. Kó má fi kọ̀ǹpútà bá mi sọ̀rọ̀.” Àwọn àbúrò wọn kùn pé Kìrìsìtẹ́nì ni, ọ̀rọ̀ náà sì ń lọ sókè sódò fún oṣù mélòó kan, àmọ́ ọmọ Ìlàjẹ náà wá, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì di ọkọ mi. Ìgbà tí a fẹ́ra tán ló tó jẹ́wọ́ pé láti lẹ́tà àkọ́kọ́ lòun ti rí i pé mò ń kọ̀tàn síta. Mo bi í pé kí ló dé tí kò tún kìlọ̀ fún mi. Ó ní ìkíni náà dùn mọ́ òun jù.

Lónìí, àwọn èèyàn ṣì máa ń bi ọkọ mi, torí iṣẹ́ rẹ̀, bóyá títi ímeèlì pa ń gbani lọ́wọ́ ojú ìjọba. Á ní ó ń gbani dé ìwọ̀n kan: ó ń bo inú lẹ́tà, kò bo ẹni tó kọ ọ́, ẹni tí a kọ ọ́ sí, àti iye ìgbà tí a kọ ọ́. Bó bá sọ ọ́ tán, á wò mí, èmi á bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tí baba mi darúgbó, mo lọ jókòó tì wọ́n, mo ní ṣé kí n sọ ohun tó wà nínú àwọn lẹ́tà tí wọn ò jẹ́ kí n ṣí. Wọ́n ní rárá. “Èyí tó kàn mí, mo ti gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà. Mo gbọ́ pé ọmọ mi kì í sọ̀rọ̀ láì kọ́kọ́ kí èèyàn.”