Álọ́ọ̀mù Tí Wọ́n Torí Rẹ̀ Bú Ìyá Mahfuz

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò ní purọ́. Bébà tí wọ́n fi ń di ẹ̀pà ni mo fi kọ́ ara mi ní ìwé kíkà, síbẹ̀ kò sí ọ̀mọ̀wé kan ní Ajíbọ́dè tí mo bá bá jiyàn tí kò ní làágùn.

Nimotallahi, ìyá Mahfuz, ayálégbé mi ni. Ọmọ Lálúpọn ni. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbín yọ bíi tirẹ̀: ẹ̀ẹ̀kan ló máa fà á, gbogbo ẹ̀ á jáde láìjá. Mo ti rí i tó yọ ẹgbẹ̀rún kan kí n tó jẹ ẹ̀kọ ẹyọ kan tán.

Ìdí nìyẹn tí Pùròfẹ́sọ̀ Akínwándé fi gbà á síṣẹ́ ní lábù tó ti ń ṣèwádìí. Ìgbín òkun ni wọ́n ń kó wá fún un nínú yìnyín. Ó ní omi yíyọ̀ ara rẹ̀ lè di oògùn egbò tí kò jinná. Ṣùgbọ́n kò sọ ìyẹn fún Nimotallahi o! Ohun tó sọ ò ju, "Ẹ yọ wọ́n, kẹ́ ẹ fọ̀ wọ́n kó mọ́."

Ta ló ń fọ ìgbín láìlo álọ́ọ̀mù àti ọsàn wẹ́wẹ́? Obìnrin náà fọ̀ ọ́ títí yíyọ̀ ẹ̀ fi tán pátápátá, ó sì da omi ẹ̀ nù.

Igbe tí Akínwándé ké, wọ́n gbọ́ ọ ní Adégbayì.

"Ìwọ obìnrin yìí, o ti da oògùn mi nù! Púrúǹtù! Má wá síbí mọ́!"

"Ìwọ" kẹ̀! Níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́! Ọdún mẹ́jọ gbáko ni Nimotallahi fi jù ú lọ!

Mo ní màá lọ gbá a létí.

"Bàbá, ẹ jókòó," ni Nimotallahi wí. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò lè dìde láìdi ògiri mú?"

Ìgbín mìíràn dé lọ́sẹ̀ kejì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi òòlù fọ́ ọ, ìkarawun dà pọ̀ mọ́ ẹran, ó bàjẹ́. Nígbà tó ku apẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo, Akínwándé rọra dé ẹnu ọ̀nà mi.

"Ìyá Mahfuz, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá."

"Ibí kọ́ lẹ ti bú mi."

Wọ́n jọ lọ sí lábù. Nimotallahi ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Akínwándé wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ó wolẹ̀.

"Èmi ni mi ò ṣàlàyé. Ẹ má bínú, mà."

"Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́."

Ó tún un sọ, ó pariwo. Ìgbà náà ni Nimotallahi ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè.

"Omi yíyọ̀ yẹn, inú kí ni kí n gbà á sí?"