Ẹ̀bẹ̀ Tí A Bẹ Ìyá Àgbà

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ sórí ṣìmẹ́ńtì tútù, èmi àti ìyá mi kúnlẹ̀ lẹ́yìn wọn. Òórùn àdí àgbọn kún yàrá. Ìyá àgbà, tó bí bàbá mi, kọjú sí ògiri.

"Ìyá, ẹ dárí jì wá," ni bàbá mi wí.

"Tó bá jẹ́ torí ọbẹ̀ tó jóná ni," ni ìyá mi wí, "èmi ni. Ọmọ yín náà ló ń bá mi tàkúrọ̀sọ."

"Ẹnikẹ́ni ò ṣẹ̀ mí. Ẹ dìde."

Bàbá mi rò pé inú ló ṣì ń bí wọn. Ní Ẹdẹ wa nígbà ìjọba ológun, tí nǹkan le koko, bí àgbà bá dákẹ́ tí kò jẹun, ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ìró ẹ̀gúsí tí ìyá àgbà ń bó ló máa ń jí mi, pẹ̀lú yẹ̀yẹ́ tí wọ́n ń fi àwọn ará àdúgbò Alájùé tó ń kọjá ṣe. Ìtọ̀ ṣúgà ti wà lára ìyá àgbà nígbà náà. Àmọ́ lásìkò tí à ń bẹ̀ wọ́n yìí, wọn ò bó ẹ̀gúsí mọ́, wọn ò sì lo oògùn.

Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ ò ṣiṣẹ́, ìyá mi mú wọn lọ sí ọsibítù, èmi náà bá wọn lọ. Oògùn ti tán níbẹ̀. Wọ́n ní ká lọ rà á níta. Ìyá mi sọ fún nọ́ọ̀sì tó ń wo ẹsẹ̀ wọn pé wọn kì í sùn, ló bá bi wọ́n jẹ́jẹ́ pé, "Ìyá, kí lẹ máa ń rò tí ẹ ò fi rí oorun sùn?"

Ìyá àgbà bú sẹ́kún. "Wọ́n gé ẹsẹ̀ àbúrò mi nítorí àìsàn yìí kan náà. Tí mo bá ti ń fọ tèmi, àyà mi á máa já. Gbogbo nǹkan ti sú mi."

"Ìbànújẹ́ àti ẹ̀rù máa ń bá àìsàn yìí rìn, ìyá. A ní láti tọ́jú ìyẹn náà." Ó kọjú sí ìyá mi: "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa dá fọ ẹsẹ̀ náà."

Bí fífọ ẹsẹ̀ wọn ṣe di iṣẹ́ mi nírọ̀lẹ́ nìyẹn. Ara wọn ò tètè yá. Ó pẹ́ kí wọ́n tó jẹun dáadáa, kí wọ́n tó tún gba oògùn lọ́wọ́ wa. Lọ́jọ́ kan wọ́n rẹ́rìn-ín: "Ṣé ẹsẹ̀ lò ń fọ̀ ni, àbí ìdí ìkòkò?"

Mo ti dàgbà báyìí, àìsàn náà sì ti wà lára èmi náà. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní purọ́. Lọ́dún tó kọjá, ìgbà kan wà tó ń ṣe mí bíi kí n má jí mọ́. Nígbà tí dókítà béèrè bí ṣúgà mi ṣe rí, mo dá a lóhùn, mo sì sọ fún un pé kò wù mí kí n máa jí mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò béèrè ìyẹn. Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀, ó fa àga sún mọ́ mi. Mo rò pé bóyá torí ìyá àgbà tó sọ tinú wọn fún nọ́ọ̀sì ni mo fi lè la ẹnu lọ́jọ́ náà, tí mo sì wà láàyè.