Dàńṣíkí Ìyàndá Lára Ọ̀ṣúnwùmí

Wọ́n ní àwọn òkú ló ń daṣọ bo Ọ̀ṣúnwùmí. Wọ́n ní bí àkùkọ bá ti kọ lẹ́ẹ̀kan, òkú tuntun kan á kan fèrèsé rẹ̀, á na aṣọ tó wọ̀ kú sí i, ìyá náà á gbà á, á dúpẹ́, á sì bu ẹ̀pà sísun fún un kó máa jẹ ẹ́ lọ lójú ọ̀nà ọ̀run. Wọ́n ní ọdún tí òkú náà kò rí lò láyé ló fara pamọ́ sínú aṣọ ọ̀hún bí ìdun, tí Ọ̀ṣúnwùmí bá sì ti wọ aṣọ náà, ọdún ọ̀hún á wọ̀ ọ́ lára. Ìdí nìyẹn, wọ́n ní, tí orí rẹ̀ fi funfun bí òwú tó là lóko, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá bíi ti ọmọge tó ń lọ pọnmi. Ẹnì kan tilẹ̀ jókòó, ó ṣírò rẹ̀: ó ní ìyá náà ti fi aṣọ gba ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé méje, pé tí a kò bá ṣọ́ra, yóò sin gbogbo ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ní Ẹdẹ.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wo obìnrin náà fúnra rẹ̀ ná.

Ìyàwó agboolé Ìgè ni, opó, ẹni àádọ́rin ọdún tàbí kó lé díẹ̀. Láti ìgbà tí òyìnbó ti fa ojú irin gba Ẹdẹ kọjá ló ti ń ru àtẹ ẹ̀pà sísun lọ sí ìdíkọ̀ rélùwéè. Oríṣiríṣi ènìyàn ló ń bá ọkọ̀ kọjá níbẹ̀: oníṣòwò, lébìrà, sójà tó ti ogun Jámánì bọ̀. Bí ẹ̀pà bá wu èrò kan tí kò sì lówó lọ́wọ́, Ọ̀ṣúnwùmí kì í lé e. Yóò kàn yọjú wo ẹrù rẹ̀, yóò bi í bóyá kò sí aṣọ kan níbẹ̀ tó ti sú u.

Báyìí ni ẹrù ìyá ṣe ń pọ̀. Ó ní kóòtù dúdú kan tó jẹ́ ti gáàdì ọkọ̀ rí. Bọ́tìnnì idẹ mẹ́fà ló yẹ kó wà níbẹ̀, márùn-ún ló kù, ó fi ẹyọ owó kan rọ́pò ìkẹfà, ẹyọ owó náà ló sì máa ń fọwọ́ pa jù bó bá ń rìn lọ lójú ọjà. Ó ní bẹ́líìtì sójà tó fi ń di ìró rẹ̀. Ó ní kaba gígùn kan tó ti sú ìyàwó òyìnbó kan. Ọrùn rẹ̀ ń fún un, ló bá gé e kúrò, ó fi ohun tó gé rán àpò ẹ̀pà. Táì kan wà tí akọ̀wé kan fi gba ẹ̀pà ìkúnwọ́ méjì. Ọ̀ṣúnwùmí kò mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe, ó sì wé e yí gèlè rẹ̀ ká. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Bó bá da kóòtù dúdú lé ìró aláró, tí ewú funfun yọ lábẹ́ gèlè, tí idẹ ń tan lójú oòrùn, àwọn tó ń rẹ́rìn-ín náà kì í lè gbójú kúrò.

Ewú yẹn ni kò jẹ́ kí Fáwùmí sinmi. Fáwùmí ni orogún rẹ̀, ìyàwó kejì, òun náà ti di arúgbó, ṣùgbọ́n kò tíì gbà. Ó máa ń lọ èédú mọ́ òrí, á fi pa orí kó lè dúdú. Ó rọ ìyáálé rẹ̀ títí kó ṣe bẹ́ẹ̀, Ọ̀ṣúnwùmí sì gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òjò ká a mọ́ ọ̀nà ìdíkọ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tó fi délé, èédú ti ṣàn gba iwájú orí wá sí àgbọ̀n, ojú rẹ̀ dà bí ìdí ìkòkò.

Fáwùmí rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní, "Ìyáálé mi, ó kù díẹ̀ kẹ́ ẹ tún di ọmọge, òjò ló bà á jẹ́."

"Èmi ti ṣe ọmọge rí," Ọ̀ṣúnwùmí dá a lóhùn, ó ń nu ojú. "Mo ṣe é, mo sì ṣe é dáadáa. Àwa méje ni ìyá mi bí, èmi nìkan ni mo dúró títí ewú fi bá mi. Tí àlejò bá rin ọ̀nà jíjìn tó bẹ́ẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ṣé kí n wá fi èédú lé e ni?"

Láti ọjọ́ náà kò pa orí mọ́. Ní àràárọ̀, á mú àfọ́kù dígí rẹ̀, á wo ojú, bó bá rí ìlà tuntun kan lẹ́bàá ẹnu, á kí i káàbọ̀. Lẹ́yìn náà á mú aṣọ tó fẹ́ wọ̀, á gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín. "Olúwa aṣọ, o ṣeun," á ní. "Ibi tó o bá wà, kó rọ̀ ọ́ lọ́rùn."

Kò mọ olúwa aṣọ náà, kò retí ìdáhùn. Ṣùgbọ́n ògiri ilé wọn kò nípọn, Fáwùmí sì wà lódì kejì. Ó gbọ́ ọ, ó lọ fi ṣàwàdà létí odò: ó ní ìyáálé òun ń bá àwọn ará ọ̀run sọ̀rọ̀ lórí aṣọ. Àwàdà ni o. Ṣùgbọ́n kò tíì ju ọdún méjì lọ tí a bọ́ lọ́wọ́ àjàkálẹ̀ àrùn tó dé nígbà tí ogun Jámánì ń parí lọ, tó ń gbé ènìyàn láàárọ̀ tí kì í dá a padà lálẹ́. Aṣọ òkú ń ba ènìyàn lẹ́rù nígbà náà. Kó tó di ọjọ́ kẹta, ọ̀rọ̀ Fáwùmí ti hu ẹsẹ̀, ó ti hu ìyẹ́, Fáwùmí fúnra rẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, ó sì gbà á gbọ́.

Báyìí ni nǹkan wà nígbà tí Ọ̀ṣúnwùmí wọ dàńṣíkí kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹ̀pà pààrọ̀ jáde sí gbàgede. Dàńṣíkí kíjìpá ni, aró rẹ̀ ti ṣá dáadáa, ó ti rọ̀ bí etí ọmọdé. Inú rẹ̀ dùn sí i tó bẹ́ẹ̀ tó fi yí po lẹ́ẹ̀kan kí Fáwùmí lè rí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹni tó rí i ni Àwáwù, obìnrin ahunṣọ tó ń gbé ní agboolé tó tẹ̀ lé tiwọn. Ó fẹ́ ṣẹ́ iná ni. Ó gbé ògúnná sílẹ̀, ó súnmọ́ ìyá náà, ó di etí aṣọ mú, ó sì ń fi ìka wá nǹkan. Ó rí i: fọ́nrán òwú pupa kan ṣoṣo tó la aró já.

"Ìyá," ó ní, ohùn rẹ̀ kò sókè rárá, "níbo lẹ ti rí aṣọ ọmọ mi?"

Gbogbo ilé mọ ọmọ wo. Ìyàndá ni, àkọ́bí rẹ̀, tó bá iṣẹ́ rélùwéè lọ sí Jẹ́bà. Àwáwù ló hun dàńṣíkí náà fún un nígbà tó ń lọ. Òwú aró tán nígbà tó kù díẹ̀, ọmọ sì ń kánjú, ló bá fi òwú pupa parí rẹ̀. Nígbà tí àrùn dé, ará ilé kan ti Jẹ́bà bọ̀, ó ní òun rí i tí wọ́n gbé Ìyàndá wọ ilé àwọn aláìsàn, pé òun kò rí ẹni tó jáde níbẹ̀. Wọ́n ti ṣàdúà fún un. Ìyá rẹ̀ ti sunkún tán.

Ọ̀ṣúnwùmí sọ bó ṣe jẹ́: ọ̀kan nínú àwọn tó ń kó èédú síná ọkọ̀ ló tà á fún òun, géńdé kan tí eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì ti ká, kò tíì pé oṣù kan. Ìyẹn gan-an ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ta ni kò mọ̀ pé ẹni tó bá kú lọ́mọdé lè di àkúdàáyà, kó lọ máa ṣiṣẹ́ jẹun ní ìlú tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n? Wọ́n ní àkúdàáyà ló fi aṣọ ránṣẹ́. Wọ́n ní òkú ló ń tajà fún ìyá yìí lóòótọ́, ẹ̀rí sì rèé lọ́rùn rẹ̀.

Baálé Ògúndèyí, olórí agboolé Ìgè, kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ọmọ méjì ni àrùn náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pe Ọ̀ṣúnwùmí jókòó, ó ní òun kò pè é ní ìkà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba òun fún àwọn ọmọ tó kù. Ó fún un ní ọjọ́ mẹ́sàn-án. Tí kò bá lè fi alààyè kan hàn tó ni dàńṣíkí yìí, gbogbo àlòkù tó wà nínú yàrá rẹ̀ yóò wọ iná, láti orí kóòtù títí kan táì.

Ọ̀ṣúnwùmí bọ́ dàńṣíkí náà, ó nà án sí Àwáwù pé kó máa gbà á. Àwáwù mi orí. Ó ní kí ìyá máa wọ̀ ọ́ lọ sí ìdíkọ̀, bóyá ẹni tó tà á yóò rí i, yóò dá a mọ̀. Ó ku díẹ̀ kó má lè sọ ìyókù. "Tó bá jẹ́ òkú ni, ẹ má sọ fún mi."

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jókòó sídìí àtẹ, dàńṣíkí lọ́rùn, kò rí aláìléyín. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, Àwáwù rí i pé abíyá aṣọ náà ti ya. Ó mú abẹ́rẹ́, ó mú ìyókù òwú pupa ọjọ́un tí kò lò fún nǹkan mìíràn láti ìgbà náà, ó rán an lára ìyá náà lórí ìdúró, pẹ̀lú ìránṣọ rẹ̀ tí gbogbo ọmọ rẹ̀ mọ̀, tó máa ń dẹ́gbẹ́ sí òsì díẹ̀. Ọ̀ṣúnwùmí ní kó má gún òun o, pé ara arúgbó kò ní ìyókù ẹ̀jẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, apá Jẹ́bà. Kó tó dúró tán, ẹnì kan yọrí níwájú, ó dúdú fún èédú láti orí dé àyà, ó sì ń rẹ́rìn-ín láìléyín. Ayọ̀dèjì lorúkọ rẹ̀.

"Ìyá ẹlẹ́pà," ó ní, "aṣọ yìí yẹ yín ju olúwa rẹ̀ lọ."

Ọ̀ṣúnwùmí fi àtẹ sílẹ̀. "Ta ni olúwa rẹ̀?"

"Ọ̀rẹ́ mi ni, Ìyàndá. Ará ìlú yín níbí. Òun ló fún mi kí n tó tà á fún yín."

"Ó wà láàyè?"

Ayọ̀dèjì wò ó bí ẹni pé oòrùn ti pa á. Ó ní àárọ̀ àná ni àwọn jọ jẹun. Ìyá tún bi í pé kí ló wá dé tí kò fi wálé láti ọjọ́ yìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dákẹ́ ẹ̀rín. Ó ní ará Ẹdẹ kan ló sọ fún Ìyàndá nígbà àrùn pé ìyá rẹ̀ ti kú. Ó ní Ìyàndá sọ pé òun kò lè wọ ilé tí kò sí ìyá òun níbẹ̀ mọ́.

Fèrè ọkọ̀ ti ń dún. Ọ̀ṣúnwùmí kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì: ó bọ́ dàńṣíkí náà gba orí, ó sì jù ú sí i. "Fi abíyá rẹ̀ hàn án," ó ní. "Sọ fún un pé àárọ̀ yìí ni wọ́n rán an."

Ìró tó lọ́ dé àyà nìkan ló bá a délé. Èjìká àádọ́rin ọdún rí oòrùn, awọ rẹ̀ hunjọ, ó ń dán fún òógùn, kò sì fi ọwọ́ bò ó. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti fi kún ìròyìn: wọ́n ní nísinsìnyí ó ti ń bọ́ aṣọ fún àwọn òkú padà.

Ó sọ ohun tó gbọ́ fún Àwáwù. Àwáwù kàn ń wá jókòó tì í ní gbogbo àárọ̀ tó kù, ó ń bá a ṣa ẹ̀pà.

Ọjọ́ kẹsàn-án pé. Wọ́n ti to igi sí gbàgede. Ọ̀ṣúnwùmí kó ẹrù rẹ̀ jáde fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a gbé e. Ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbọ̀n wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó ń kí olúwa wọn bó ṣe máa ń kí i. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ gáàdì. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ sójà. Nígbà tó kan táì, ó ní akọ̀wé, o ṣeun, n kò tíì mọ ohun tí nǹkan yìí wà fún títí di òní. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, Fáwùmí sì bú sẹ́kún. Ó dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin níwájú Baálé, ó ní ẹnu òun ni gbogbo rẹ̀ ti jáde, pé àwàdà ni òun ń ṣe létí odò. Baálé ní kí àwàdà wá pèsè alààyè.

Nígbà náà ni ọkùnrin kan gba ẹnu ọ̀nà wọlé, dàńṣíkí ṣíṣẹ́po lé e lórí. Àwọn ọmọdé sá wọ yàrá. Fáwùmí gan-an bọ́ sẹ́yìn ìkòkò àmù. Àwáwù nìkan ló dìde. Ó fi ọwọ́ méjèèjì kan ojú rẹ̀, ó kan èjìká rẹ̀, ó kan ikùn rẹ̀, ó sì gbé orí lé e láyà, kò sì gbé e kúrò fún ìgbà pípẹ́.

Nígbà tó ṣe, Ìyàndá dọ̀bálẹ̀ fún Ọ̀ṣúnwùmí, ó fi dàńṣíkí náà lé e lọ́wọ́. Ìyá gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó wọ̀ ọ́.

"Olúwa aṣọ, o ṣeun," ó ní.

"Ẹ ẹ́ lò ó pẹ́, Ìyá," olúwa aṣọ dáhùn. Òun nìkan ló tíì dáhùn rí.

Baálé Ògúndèyí ti ní kí wọ́n kó igi kúrò. Ṣùgbọ́n níwọ̀n bó ti jẹ́ níwájú gbogbo ilé ni ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀, ó ní níwájú gbogbo ilé ni yóò ti parí: kí Ìyàndá sọ bí aṣọ tí ìyá rẹ̀ hun ṣe kúrò lọ́rùn rẹ̀, nígbà tí kò kú.

Ìyàndá wo ikùn ara rẹ̀, ojú tì í díẹ̀.

"Mo sanra, Baba," ó ní. "Kò gbà mí mọ́."