Ẹsẹ̀ Ẹtù Lójú Ọ̀nà Tchamba

Èmi ni ọmọ Kambolé àkọ́kọ́ tó kun ojú ọ̀nà ìjọba. Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Bàtà ni wọ́n ní kí n kùn.

Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná, igbá ẹfun wà láàárín orúnkún mi, ẹfun tí wọ́n fi ń kun ògiri tí ọdún bá ti kù dẹ̀dẹ̀. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ti po ẹ̀kọ tútù mọ́ ọn kó lè lẹ̀ dáadáa. Ó ń rùn bí ògiri tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Ìyá àgbà gbé sálúbàtà ẹ̀ méjèèjì síwájú mi.

"Kùn ún látòkè délẹ̀," ó ní. "Mi ò fẹ́ rí pupa kankan lára ẹ̀."

Sálúbàtà yẹn, kò sí irú ẹ̀. Awọ màlúù pupa ni lókè, rọ́bà táyà ni nísàlẹ̀. Àdúgbò Komah, ní Sokodé, ni wọ́n ti ń ṣe é. Bàbá arúgbó kan tí àwọn èèyàn ẹ̀ ti Nàìjíríà wá ló ń ṣe é, bàbá tiẹ̀ náà ló sì ń ṣe é kó tó kàn án. Ní gìgísẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, á gbẹ́ rọ́bà yẹn títí ẹsẹ̀ ẹtù kan á fi yọ jáde lábẹ́ ẹ̀, ìka mẹ́ta níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Àmì wọn nìyẹn. Ẹlẹ́sẹ̀-ẹtù là ń pè é. Láti Sokodé dé Tchamba dé ọ̀dọ̀ wa ní Kambolé, tó o bá ti sọ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ pé bàtà wo.

Ìyá àgbà mú mi lọ síbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kan. Ṣọ́ọ̀bù yẹn ń rùn fún awọ tútù, òrí àti èéfín. Bàbá oníbàtà ní kí ìyá àgbà dúró lórí awọ, ó fi èédú fa ìlà yí ẹsẹ̀ ẹ̀ ká, ó wá ń fi àtàǹpàkò tẹ egungun kan tó yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ náà, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń wò ó bóyá píà ti pọ́n.

"Màmá, egungun yìí ti dàgbà sí i."

"Òun nìkan ló ń jẹun nílé wa," ìyá àgbà fèsì.

Bàbá yẹn gbẹ́ awọ wọnú níbi tí egungun yẹn máa sùn sí. Bí ìyá àgbà ṣe ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó dijú. Mi ò rí kó dijú bẹ́ẹ̀ rí, àfi tó bá kírun tán.

Láti ìgbà yẹn, ìró bàtà yẹn ló ń jí mi láàárọ̀, kì í ṣe ladáànì. Fàpà, fàpà, ó ń lọ gbé bútà omi àlùwàlá. Fàpà, fàpà, ó ń lọ sóko iṣu. Nígbà òjò, tá a bá ń wá a, ẹsẹ̀ ẹtù la máa ń tọ̀ nínú ẹrẹ̀. Á gbé agbọ̀n iṣu látoko dé ilé, kò ní tiro, kò ní dúró. Èmi tí mi ò gbé ju ẹnu mi lọ, tápẹ́ẹ̀tì mi, bàtà rọ́bà olówó pọ́ọ́kú, á ti já lẹ́ẹ̀mejì, mo ti fi wáyà so ó, wáyà yẹn á sì máa gún mi.

Àfi bí wọ́n ṣe ní ọ̀gá ńlá kan ń bọ̀ láti Lomé, á gba Tchamba kọjá. Nígbà yẹn, tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ jó, ẹ máa jó ni. Ìyá àgbà ló sì ń ṣíwájú àwọn obìnrin Kambolé. Aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú ìjọba, tá à ń pè ní délégué, kó tẹníìsì funfun wá, bàtà aláṣọ olókùn. Ó ní funfun lòun fẹ́ rí lẹ́sẹ̀ gbogbo èèyàn, ẹni tó bá wọ nǹkan míì á ṣàlàyé níwájú àwọn tó jù ú lọ.

Ìyá àgbà wọ tẹníìsì tiẹ̀ lọ sídìí kànga, ó padà dé, ó jókòó, ó bọ́ ọ. Ó ki ẹsẹ̀ bọ sálúbàtà ẹ̀.

Bàbá mi rí i, ara ẹ̀ ò balẹ̀ mọ́. Tíṣà ìjọba ni. Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ tíṣà ni mí. Ìdánwò àṣejáde alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, CEPD, tí mo ṣe, ìdánwò yẹn ló yege, èmi ni mo fìdí rẹmi. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́," ó ní. "Tẹ́ ẹ bá wọ awọ màlúù yẹn lọ, iṣẹ́ mi lẹ máa tẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn."

"Funfun ni wọ́n ní àwọn fẹ́ rí, àbí?"

"Funfun ni."

"Wọ́n á rí i."

Bí igbá ẹfun ṣe délẹ̀ nìyẹn. Látòkè délẹ̀, èmi náà sì kùn ún dé ilẹ̀. Mo kun òkè, mo kun ẹ̀gbẹ́, mo yí i padà, mo kun abẹ́ ẹ̀ nípọn nípọn, ẹsẹ̀ ẹtù funfun gbòò. Níléèwé, etí mi kì í gba nǹkan kan. Ọjọ́ yẹn gan-an ló yàn láti gba gbogbo ẹ̀.

Ní Tchamba, wọ́n ti wọ́n omi sójú ọ̀nà kí eruku má baà kí àlejò ṣáájú wa. Ilẹ̀ pupa, ó tutù. Ìyá àgbà gbé orin, ó jó síwájú, àwọn obìnrin tẹ̀ lé e. Ibi tó bá tẹ̀, ẹsẹ̀ ẹtù funfun kan á kù síbẹ̀. Kò pẹ́, gbogbo ojú ọ̀nà ti kún, bí ẹni pé agbo ẹtù láti ọ̀run ló kọjá níwájú ìjókòó àwọn ọ̀gá. Mo rí bàbá mi láàárín àwọn tíṣà. Ó ń wo ilẹ̀, ètè ẹ̀ ń mì. Mo rò pé àdúrà ni.

Oòrùn mú. Àlejò ò dé. Tẹníìsì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àwọn obìnrin: ọ̀kan ń tiro, òmíì bọ́ tiẹ̀, ó gbé e sábẹ́ abíyá. Ìyá àgbà ṣì ń jó. Fàpà, fàpà. Ojú ẹ̀ dákẹ́ bí omi inú kòkò. Mo gbàgbé ẹ̀rù. Ẹnu mi là sílẹ̀ ni, mo ń wo arúgbó tó bí bàbá mi bíi pé mi ò rí i rí.

Nígbà tó yá, ọkọ̀ dúdú dúdú dé, fìà, wọ́n ti kọjá. Wọn ò dúró.

Délégué wá ń bọ̀. Ó ń tẹ̀ lé ẹsẹ̀ ẹtù lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi dé iwájú ìyá àgbà. Bàbá mi sáré dé ibẹ̀. Ọkùnrin yẹn wo bàtà. Ẹfun ti ṣí, awọ pupa ti yọjú. Ó wo bàtà dúdú tó ń dán lẹ́sẹ̀ tiẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan sórí èkejì bí adìẹ. Ó wẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìyá, ṣé wọ́n ń ṣe ti ọkùnrin?"

Bàtà ni mò ń tà ní ọjà Sokodé báyìí, rọ́bà àti àlòkù. Ẹlẹ́sẹ̀-ẹtù ló wà lẹ́sẹ̀ tèmi. Àwọn oníbàárà á wo ọjà mi, wọ́n á wo ẹsẹ̀ mi, wọ́n á ní kí n fọ̀nà Komah han àwọn. Mo máa ń fi hàn wọ́n. Ọlọ́jà gidi ni mí. Tí mo bá ń lọ sílé ní àdúgbò Kouloundè lálẹ́, tí mo gbọ́ fàpà, fàpà lábẹ́ mi, mo máa ń nà ró, kó má di pé ẹni tó ni ìró yẹn rí mi níbi tí mo ti ń wọ́ ẹsẹ̀.

Mo ti sọ ìtàn yẹn fáwọn ọ̀rẹ́ mi, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, pé ìyá àgbà mi kọ̀ fún ìjọba. Mo ti fi iyọ̀ sí i, mo fi ata sí i. Iléyá tó kọjá, mo lọ sí Kambolé, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

"Ìyá àgbà, lọ́jọ́ Tchamba yẹn, kí ló wà lọ́kàn yín gan-an? Kí lẹ fẹ́ káwọn èèyàn yẹn mọ̀?"

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ìdánwò CEPD mi.

"Tẹníìsì yẹn ń ta mí lẹ́sẹ̀."